Pátákó Ìwọn Mẹ́ta àti Ẹ̀rọ Kan Lórí Odò Wa: Ohun Tí A Rí Láàárín Òjò Ọdún Méjì

Ẹgbẹ́ àwa àgbẹ̀ alákùúrọ̀ ní apá Yàgbà, ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, ló dá owó jọ ra àwọn irinṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí: pátákó ìwọn omi fún ojúkò mẹ́ta lórí odò kan, àti ẹ̀rọ kan tó ń wọn gíga omi fúnra rẹ̀, tó sì ń fi iye tó bá rí ránṣẹ́ sórí fóònù. Odò náà kò tóbi. Nígbà ẹ̀rùn, ọmọdé lè là á kọjá kí omi má dé orúnkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú Ọyí ló ń ṣàn lọ, bí Ọyí náà ṣe ń gbé omi ilẹ̀ Yàgbà lọ fún Odò Ọya, bí òjò bá sì ti rọ̀ gidi lókè, àgbàrá a máa dé bá wa ní ọ̀sán gangan tí ojú ọ̀run ọ̀dọ̀ tiwa mọ́ roro. Ìrẹsì, ilá àti tẹ̀tẹ̀ la ń gbìn sí ẹ̀bá rẹ̀. Ìgbà tí omi gbé ẹ̀rọ ìfami wa kejì lọ la tó gbà pé ó yẹ kí nǹkan kan máa ṣọ́ odò náà fún wa.

Kí n tètè sọ èrò mi kí ẹni tí kò ráyè kàwé gígùn lè máa lọ. Pátákó náà tó owó tí a san lórí rẹ̀, ó tilẹ̀ jù ú lọ. Ẹ̀rọ náà wúlò, ṣùgbọ́n òru ni ìwúlò rẹ̀ pọ̀ sí, ẹni tó bá sì rà á láìní pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò máa gba irọ́ gbọ́ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ àwọn tó tà á fún wa, tí wọ́n sì wá rì í mọ́lẹ̀, ni n kò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó san owó fún. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe fún wa, mo ti gbọ́ pé àwọn mìíràn nínú òwò náà ń ṣe é.

Pátákó ni kí n kọ́kọ́ mú. Irin pẹlẹbẹ ni, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun tí iná ti yan mọ́ ọn lára bò ó bí àwo tánganran. Àmì dúdú ló pín in sí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, àwọn àmì náà sì tò léra wọn bí lẹ́tà E, kí ojú má baà ṣì wọ́n kà láti òkèèrè. Nọ́ńbà ńlá wà ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 10. Ní ojúkò tó wà lẹ́bàá oko, a to mẹ́rin ní àtẹ̀gùn láti ibi tí omi ẹ̀rùn kì í gbẹ kọjá títí dé etí bèbè, tó fi jẹ́ pé bí omi bá ti bo ọ̀kan, èyí tó tẹ̀ lé e ló kàn láti kà. Ẹrẹ̀ àti ewédò a máa bò ó ní bí oṣù kan síra wọn. Kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú ló ń ṣí i. Lẹ́yìn òjò ọdún méjì, ẹyọ kan ṣoṣo ló bó díẹ̀ létí, ìtì igi tí omi gbé wá ló sì ṣe é.

Obìnrin kan tó ń dín àkàrà lẹ́bàá afárá òkè ló ń ka pátákó ibẹ̀ fún wa, ní agogo 6 òwúrọ̀ àti agogo 6 ìrọ̀lẹ́. Ìwé olójú-ewé 40 tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ló fi ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. A ti kọ́ ọ pé bí omi bá ń rú, kó wo ibi tó ga dé jù lọ àti ibi tó lọ sílẹ̀ dé jù lọ, kó sì kọ èyí tó wà láàárín méjèèjì. Ohun tí a kò kọ́ ọ ni ọwọ̀n kẹta tó fúnra rẹ̀ fà sínú ìwé náà. Ní iwájú iye kan ní oṣù Kẹsàn-án, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “142. Omi pupa. Igi ńlá méjì kọjá.” Ẹ̀rọ wa kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Omi pupa túmọ̀ sí pé òjò náà ti ń wọ́ ilẹ̀ oko òkè, igi ńlá sì túmọ̀ sí pé kí a lọ tú okùn tí a so ẹ̀rọ ìfami mọ́. Owó kékeré la ń fún un lóṣù, n kò sì rò pé ẹgbẹ́ wa ná owó kankan tó ní láárí jù ú lọ.

Kí pátákó tó dé, òkúta ìfọṣọ la fi ń mọ odò. Bí àwọn àgbà bá ti ní omi ti bo òkúta ìfọṣọ, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé kí àwọn ọmọdé má sọdá mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí a ri pátákó, mo dúró ti òkúta náà títí omi fi kan orí rẹ̀ gẹ́ẹ́, mo sì ka mítà 1.12. Ọjọ́ náà ni ohun tí àwọn bàbá wa ń wí àti ohun tí pátákó ń wí pàdé, ibẹ̀ náà sì ni àṣírí àwọn tó tajà fún wa ti tú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́yìn àgbàrá àkọ́kọ́, omi tún fà padà títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú orí òkúta, mo sì ka mítà 1.19. Òkúta kò ga sí i. Pátákó ló ti rì ní sẹ̀ǹtímítà 7. Inú iyanrìn lásán ni wọ́n gbá òpó irin rẹ̀ sí, láìsí kọnkéré, wọn kò sì fi àmì ìpìlẹ̀ kankan sílẹ̀ lára afárá tí a lè fi mọ̀ bóyá pátákó ṣì wà ní ipò rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti òkúta ìfọṣọ, a ò bá máa kọ irọ́ sílẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ títí ọdún yóò fi parí. A pe àwọn tó rì í. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ náà kò sì tíì dé títí di òní.

Bíríkìlà abúlé wa ló tún un ṣe. Ó gbẹ́ àmì kan sára ìpìlẹ̀ kọnkéré afárá, ó fi òòlù àti ṣísẹ́lì ṣe é kó má baà pa rẹ́, lẹ́yìn náà ó mú rọ́bà tí òdìkejì rẹ̀ hàn kedere, èyí tí wọ́n ń bu omi sí láti fi wo bí ilé ṣe tẹ́jú, ó fi orí kan rẹ̀ sí ibi àmì náà, ó sì na orí kejì dé ara pátákó. Nítorí pé omi inú rọ́bà kò lè ga ní ibì kan kó lọ sílẹ̀ ní ibòmíràn, a mọ iye tí pátákó gbọ́dọ̀ kà gẹ́lẹ́ ní ìsọgbà àmì náà. Ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí òjò la ń tún ìwọn yìí ṣe. Irinṣẹ́ tí a fi ṣe é kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Bóyá ẹlòmíràn yóò sọ pé kí ni sẹ̀ǹtímítà 7 já mọ́ tí mo fi ń pariwo. Ẹ wo Lọ́kọ́jà, níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Nígbà àkúnya omi ọdún 2012, iye tí wọ́n kà níbẹ̀ dé mítà 12.84, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ó dé mítà 13.22. Sẹ̀ǹtímítà 38 péré ni ìyàtọ̀ ọdún méjèèjì tí a ń sọ̀rọ̀ wọn káàkiri Nàìjíríà, ìyàtọ̀ náà kò sì ní ìtumọ̀ àfi bí a bá wọn méjèèjì láti orí òdo kan náà. Pátákó tó bá rì díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún láìsí ẹni tó mọ̀ yóò sọ àkúnya tí kò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ di èyí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ó kan ẹ̀rọ. Abẹ́ afárá òkè ni wọ́n so ó kọ́ sí, ó dojú kọ omi, ó fi bíi mítà 4 ga ju omi ẹ̀rùn lọ. Ó ń pa ariwo kan tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, ariwo náà á kan ojú omi, á padà, ẹ̀rọ á sì ṣírò bí omi ṣe jìnnà tó láti inú àkókò tí ó gbà á láti lọ àti láti bọ̀. Ìṣẹ́jú 15 síra wọn ló ń ṣe èyí. Bátìrì àti páànẹ́lì sólà kékeré ló ń gbé e, síìmù ló sì fi ń ránṣẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, a rò pé odò wa ti ya wèrè. Lójoojúmọ́, láti bí agogo 11 òwúrọ̀ lọ, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé omi ń ga. Nígbà tó bá fi máa di agogo 3, omi á ti “ga” tó sẹ̀ǹtímítà 10. Bí oòrùn bá ti wọ̀, omi á “fà” padà. Kò sí òjò kankan. Aládìn-ín àkàrà wa kọ iye kan náà sílẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wò ó ní ọ̀sán pẹ̀lú, ó kọ iye kan náà. Àwọn tó tajà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dà á láàmú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ooru ni. Ariwo a máa yára sí i nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná: bí afẹ́fẹ́ bá kúrò ní ìwọ̀n 22 tó dé 36 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì, ìyára rẹ̀ yóò kúrò ní nǹkan bíi mítà 344 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan dé nǹkan bíi 352. Lórí mítà 4, ìyàtọ̀ yẹn súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ̀rọ tó bá ní ohun tó ń wọn ooru afẹ́fẹ́ nínú a máa yọ ìyàtọ̀ náà kúrò fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n tà fún wa kò ní in, wọn kò sì sọ ọ́ títí a fi bi wọ́n léèrè lójúkojú. Irú mìíràn tún wà tó ń lo ìgbì rédíò dípò ariwo, ooru kì í sì í ṣe é ní nǹkan kan tó ṣe é kà sí, àmọ́ owó rẹ̀ ga.

Àwọn àlébù kéékèèké rẹ̀ kò pẹ́ sọ. Agbọ́n kọ́lé sí ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ sì ń sọ pé omi ti dé abẹ́ afárá. Eruku ọyẹ́ bo páànẹ́lì. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ fún wákàtí mẹ́fà, iye wákàtí mẹ́fà náà ti lọ nìyẹn, nítorí pé kò ní ibi tó ń fi ohun tí kò tíì ránṣẹ́ pamọ́ sí. Bí mo bá tún fẹ́ ra òmíràn, èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí n óò bèèrè.

Síbẹ̀, kò yẹ kí n fi gbogbo ẹnu bú u. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún àkọ́kọ́, fóònù mi dún lẹ́yìn agogo 1. Mítà 1.36. Nígbà tí mo fi máa rí gíláàsì ojú mi, òmíràn ti wọlé: 1.71. Lẹ́yìn náà, 2.05. Òru ni, afẹ́fẹ́ tutù, agbọ́n ti sùn. Kò sí ohun tó lè mú un purọ́. A pe ara wa jí, a gbé ẹ̀rọ ìfami gorí ọ̀kadà, a kó àpò ìrẹsì tó wà nínú ahéré lọ sórí ilẹ̀ gíga pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, omi sì dé etí oko díẹ̀ kí agogo 5 tó lù. Aládìn-ín àkàrà wa kò lè ṣe èyí, kò sì sí ẹni tó yẹ kó retí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan yẹn san owó ẹ̀rọ náà padà.

Ojúkò mẹ́ta la ní, ìdí tí ó fi yẹ kó jẹ́ ju ẹyọ kan lọ sì nìyí. Láti afárá òkè dé oko wa tó kìlómítà 9, omi tó ga díẹ̀ a sì máa gba bíi wákàtí mẹ́ta láti rìn ín. Ẹni tó ní pátákó lẹ́bàá oko nìkan yóò mọ̀ pé omi ti dé nígbà tí omi bá ti dé. Ojúkò àárín ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé a kò ní rà nítorí owó, òun ló sì yà wá lẹ́nu jù. Odò kékeré mìíràn wọ inú tiwa díẹ̀ ní òkè rẹ̀. Nígbà mìíràn, afárá òkè á dákẹ́ sórí mítà 0.90, ojúkò àárín á sì ti máa lọ sí 1.60, a ó mọ̀ pé ọ̀nà ibòmíràn ni òjò gbà wá. Ẹ̀rọ tó wà lókè kì bá ti sọ ohunkóhun.

Ohun tí ìwé tí wọ́n fún wa pè ní “ìwọn ìṣàn” kò wọn ìṣàn rárá. Gíga omi ni pátákó àti ẹ̀rọ ń kà, iye omi tó ń kọjá sì jẹ́ nǹkan mìíràn: odò lè ga kó má fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn. A fi ọwọ́ ara wa wá ìyẹn. Ní ọjọ́ tí pátákó oko ka 1.30, a na okùn mítà 20 sí etí bèbè, a ju ọsàn wẹ́wẹ́ sómi ní òkè rẹ̀, a sì ka àkókò. Ọsàn dára fún un nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán, afẹ́fẹ́ kì í tì í. Ìṣẹ́jú-àáyá 25 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kọjá, èyí tó jẹ́ mítà 0.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú omi ló máa ń yára jù ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, nítorí náà a sọ ọ́ di ìlọ́po 0.85, ó di 0.68. Odò fẹ̀ ní mítà 11 níbẹ̀, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ bíi 0.9 nígbà tí a bu gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Bí a bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po ara wọn, nǹkan bíi lítà 6,700 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tó lé ní 260 kí ènìyàn tó lè sọ pé “ẹ pẹ̀lẹ́”. A ti ṣe é fún gíga méje báyìí, a sì ti fi ìlà kan so wọ́n pọ̀ lórí ìwé aláàmì-onígun, kí a lè máa ti ara gíga tí pátákó bá kà mọ iye omi tó ń kọjá. Bí àgbàrá bá ti tú iyanrìn ìsàlẹ̀ odò ká, a ní láti tún díẹ̀ nínú wọn wọn, nítorí pé gíga kan náà lè má gbé iye omi kan náà mọ́.

Ìlà orí ìwé yìí ni a fi ń pín omi láàárín ara wa ní oṣù Kejì àti Ìkẹta, nígbà tí ẹ̀rọ ìfami bá pọ̀ ju omi lọ. Irú àìní bẹ́ẹ̀ ló mú kí USGS, àjọ ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi, dá ojúkò ìwọn odò rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Embudo, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, lọ́dún 1889: ilẹ̀ gbígbẹ ni, wọ́n sì fẹ́ mọ iye omi tó wà fún ìbomirin. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àjọ NIHSA tí òfin ọdún 2010 gbé kalẹ̀ ló ń ṣọ́ àwọn odò Nàìjíríà, tó sì ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ àkúnya omi jáde lọ́dọọdún. A kò lè retí kí àjọ ìjọba àpapọ̀ wá ri pátákó sínú gbogbo odò tí àwọn abúlé fi ń fọṣọ, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé irú ìrajà báyìí yóò túbọ̀ wọ́pọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rà á ní Kàbà, ní Mọ̀pà tàbí níbikíbi ní agbègbè wa, kó ra pátákó nìkan ní ọdún àkọ́kọ́, kó fi bíríkìlà tirẹ̀ rì í sínú kọnkéré ní ìgbà ẹ̀rùn, kó gbẹ́ àmì rẹ̀ sára ohun tí omi kò lè ṣí nídìí, kó sì wá ẹni tí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ wà lẹ́bàá odò náà. Owó ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó owó pátákó mẹ́wàá ní ibi tí a ti rà á. Ní ti ẹgbẹ́ wa, a ti fẹnu kò ní ìpàdé oṣù tó kọjá pé pátákó méjì ni a ó tún rà, a ó ri wọn sínú odò kékeré tó ń yọ wá lẹ́nu ní ojúkò àárín. Bíríkìlà ti wo ibẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkóríta ibẹ̀ ti gbà láti máa kà á, bí a bá lè bá a ra ìwé àti bírò.